Ìgò Mẹ́rin Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Àgbá Òtútù

Ó ti tó wàyí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn kò dà nínú mi láti ọjọ́ náà, lónìí ni mo fẹ́ bì í jáde níṣojú gbogbo yín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má ṣe fajú ro nítorí mi, nítorí inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé n kò ní í kú báyìí, mo sì ti pinnu pé ayé tí wọ́n dá padà fún mi yìí, n kò ní í gbé e pẹ̀lú irọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù díẹ̀, torí ibi tí èébú wà gan-an ṣì wà níwájú.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì. Nínú ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tí mo ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ronú, èmi ni mo ń fún ohun tí wọ́n ń ronú lé lórí lóúnjẹ. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré tí gbogbo ara wa fi kọ́. Tí a bá mú un láti ara kókó jẹjẹrẹ, a lè máa sìn ín nínú ìgò pẹlẹbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí èèyàn ṣe ń sin adìyẹ. A ó máa fún un ní omi oúnjẹ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́ méjì-méjì, a ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó móoru bí ara èèyàn, gáàsì á sì máa fẹ́ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà láti inú sìlíńdà kí oúnjẹ wọn má baà bàjẹ́. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo máa ń bá wọn jà. Ọkọ mi, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, máa ń sọ fún àwọn tó bá wá gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ìyàwó òun ní ọmọ mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kí òun ní baba. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe é tí sẹ́ẹ̀lì kankan kò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ, mo fi kọ́ ara ògiri níbi tí mo ti lè máa rí i bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀yẹ yẹn ló bà mí jẹ́.

Nígbà náà, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń kàwé láti gboyè ọ̀mọ̀wé. Oníbéèrè là ń pè é, torí pé bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á bi yín bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Ohun tó ń wádìí kò le láti lóye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ kó tó wọ̀ mí létí. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà pa èèyàn níbi tó ti kọ́kọ́ hù. Ìgbà tó bá di arìnrìn-àjò, tó kúrò lọ́mú tó lọ sí egungun, tó kúrò nínú ìfun tó lọ sí ẹ̀dọ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀ràn dé. Ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìtọ́ni wà tó ń darí rẹ̀, jíìnì là ń pè wọ́n, àwọn jíìnì kan sì wà láàárín wọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, “Jókòó sílé.” Wọn kò ní kí kókó má dàgbà o. Ó lè dàgbà tó bó ṣe wù ú. Wọ́n kàn ní kó má rìn ni, tó bá sì rìn, kó má ríbi jókòó sí. Nínú sẹ́ẹ̀lì arìnrìn-àjò, a kì í gbọ́ ohùn àwọn jíìnì wọ̀nyí mọ́.

Ìdí tí a kò fi gbọ́ ohùn wọn ni ìjà wà lé lórí. Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù náà, gbà pé jíìnì tí à ń wò ti sọnù pátápátá ni, bí ojú ìwé tí wọ́n fà ya. Oníbéèrè ní rárá. Ó ní ojú ìwé wà níbẹ̀ pérépéré, wọ́n kàn lẹ nǹkan bò ó lójú ni. Ó ní sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń lẹ àwọn ẹyọ tíntìntín kan mọ́ ara jíìnì náà títí kò fi ṣeé kà mọ́, á sì tún ká a jọ gírígírí kí ohunkóhun má baà ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn lè ṣí i. Ohun tó ti ya dànù, kò sí ẹni tó lè bá wa wá a rí. Ohun tí wọ́n bò, a lè ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ẹ wá rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Nínú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ìrètí àwọn aláìsàn wà, ibẹ̀ náà ni oyè ọmọ yìí wà, àti orúkọ rẹ̀.

Ó dán an wò. Ó ta oògùn díẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì arìnrìn-àjò rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, jíìnì náà jí, ó ń ṣiṣẹ́. Ó sáré wá bá mi, ó dì mọ́ mi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, àwa méjèèjì jó yí tábìlì ká. Ọ̀gá wo èsì náà lọ wò ó bọ̀, ó ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí òun tó gbà á gbọ́. Kò sí aburú níbẹ̀, bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Oníbéèrè ní òun á bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú àwọn ìgò òun dáadáa. Mo dá a lóhùn pé ìgbà wo ni mo tọ́jú ìgò ẹnikẹ́ni rádaràda rí.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo ti fún àwọn sẹ́ẹ̀lì Oníbéèrè lóúnjẹ, mo ti tò wọ́n padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná, ni fóònù mi bá dún. Ọmọ mi obìnrin ti bímọ. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ ti dé, obìnrin ni, igbe rẹ̀ ń dún láti inú fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí ni mo fi ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, torí ọwọ́ mi méjèèjì ti wà lókè. N kò wẹ̀yìn wò bóyá ó pa dé. Mo jó dé ẹnu géètì, mo jó wọ mọ́tò, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rin gbé ọmọ tuntun náà mọ́ra débi pé ìyá rẹ̀ ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó fún un lọ́mú.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́ta. Gáàsì ti tú jáde tán, sìlíńdà ṣófo, kọ́bọ́ọ̀dù ti tutù, oúnjẹ tó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì ti di elésè àlùkò. Mo gbé ìgò kan sábẹ́ maikirosíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò, á na ẹsẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó. Àwọn wọ̀nyí ti ká kò, wọ́n léfòó. Mo wo ìgò kejì, mo wo ìkẹta, mo wò wọ́n tán. Gbogbo ìgò Oníbéèrè ló ti kú.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le rárá. A ní àgbá ńlá kan tí òtútù inú rẹ̀ pọ̀ débi pé sẹ́ẹ̀lì tí a bá gbé síbẹ̀ kì í kú, kì í sì í dàgbà, ó kàn ń dúró dè wá ni. Ìgò kékeré mẹ́rin, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ló kù níbẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì Oníbéèrè. Kí n kàn lọ bá Ọ̀gá, kí n ní, “Sà, mo ba nǹkan jẹ́,” kó buwọ́ lùwé, kí n yọ ọ̀kan, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀. Bóyá ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ì bá fi dá ọmọ náà dúró. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ìwé ẹ̀yẹ mi. Mo wá gbọ́ bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ ní ilé ìjẹun: Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ti pa sẹ́ẹ̀lì. Ojú tì mí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kejì, sẹ́ẹ̀lì arìnrìn-àjò mìíràn wà, tí wọ́n mú láti ara ẹlòmíràn, tó jọ ti Oníbéèrè bí ọmọ ìyá kan náà. Mo pín in sínú ìgò tuntun mẹ́fà, mo fi lẹ́tà mi tó gún régé kọ lébẹ́ẹ̀lì Oníbéèrè sára wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé ìgbà díẹ̀ ni, pé bí Ọ̀gá bá rìnrìn àjò báyìí, màá dọ́gbọ́n yọ ojúlówó jáde, kò sì ní í sí ẹni tó máa mọ̀. Ohun tó fò mí lórí ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì tí mo fi dípò yìí, jíìnì náà ti ya dànù ní ti gidi. Irú méjèèjì ló wà nínú ayé, ẹ jọ̀ọ́: òmíràn ya, òmíràn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n bò ó. Èmi tí mo ti gbọ́ àlàyé fún odindi ọdún méjì, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n rántí.

Oníbéèrè ta oògùn sí wọn, ó dúró di ọjọ́ kẹta. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un ṣe, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá bá mi, ó bi mí kí ló dé tí àwọn ọmọ mi kò dá òun lóhùn mọ́. Mo ní bóyá oògùn ló ti pẹ́. Ó lọ po òmíràn, ó tún pa dà wá, ó ti ń rù. Ọ̀gá mú díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà, ó fi ránṣẹ́ sí láàbù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn wá jíìnì náà títí, kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ń rí gbogbo èyí, mo ń fún wọn lóúnjẹ lọ. Bí èèyàn bá lè sanra nínú ẹ̀ṣẹ̀, èmi sanra láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, torí jíjẹ ni mo ń jẹ kí n má baà sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wá pe ìpàdé. Àwa mẹ́sàn-án la jókòó yí tábìlì gígùn ká. Ó gbé èsì àkọ́kọ́ Oníbéèrè sí ọ̀tún, ó gbé àwọn tó kù sí òsì, ó ní kó ṣàlàyé bí ohun tí kò sí ṣe jí. Oníbéèrè ní bóyá sẹ́ẹ̀lì ti pààrọ̀ níbì kan. Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo dìde. Mo wo ojú ọmọ yẹn, mo ní, “Láti ọwọ́ mi, sà, kò sí àṣìṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí.” Lóòótọ́ ni wọ́n mọ̀ mí. Ohun tó burú nínú kí èèyàn ní iyì nìyẹn, irọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ ká tó gbà á.

Oníbéèrè kò sunkún. Ó ní, “Ìgò mẹ́rin wà nínú àgbá òtútù. Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n. Bí wọ́n bá dákẹ́ bíi tàwọn wọ̀nyí, màá gbà pé mo ṣìnà, màá sì kó ẹrù mi.” Ọ̀gá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì lọ mú wọn wá.

Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ dúró dè náà rèé. Mo wọ ìbọ̀wọ́ nípọn, mo ṣí àgbá, èéfín òtútù rú sí mi lójú. Mo rí wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ nínú àpótí wọn. Ó yẹ kí n gbé wọn, kí n lọ jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kó wọn lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sínú àpótí sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan tí wọ́n kọ “awọ eku” sí lára, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo fa ìlà lórí nọ́ńbà wọn, mo kọ “ó ti tán” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo padà sínú ìpàdé, mo ní, “Ó ti tán, sà.” Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú dà wọ́n nù. Ọwọ́ mi kò gbà á. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni wọ́n, n kò lè pa wọ́n. Ọmọ èèyàn tó dúró níwájú mi nìkan ni mo lè dà nù.

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí kan ṣoṣo. Kó tó lọ, ó yà sí yàrá mi, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún gbogbo ìtọ́jú tí mo ṣe fún sẹ́ẹ̀lì òun. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé ó purọ́ ni, láàbù kankan kò sì gbà á mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan mo gbọ́ pé ó ti di tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n tún fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ kejì.

Ọdún mẹ́jọ kọjá báyìí. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń wẹ̀, ọwọ́ mi bá kan kókó kan lọ́mú òsì. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe máa ń ba àwọn tí kò mọ̀, torí èmi ti rí wọn lábẹ́ maikirosíkóòpù, mo mọ ìwà wọn. Wọ́n yọ kókó náà, wọ́n yẹ gbogbo ara mi wò. Ní ọjọ́ èsì, èmi àti ọkọ mi jókòó síwájú dókítà, ọwọ́ wa so kọ́ra. Dókítà ní, “Màmá, ó dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nílé. Gbogbo ibi tó lè lọ la wò, kò sí níbẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò ó bóyá orí mi ti yí. Ọkọ mi dìde, ó ṣèlérí fún dókítà pé òun á máa gẹrun fún un lọ́fẹ̀ẹ́ títí láé, bẹ́ẹ̀ orí dókítà ọ̀hún pá láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Nínú mọ́tò la wà tí a ń lọ sílé ni ọ̀rọ̀ náà tó gbá mi láyà. Kò kúrò nílé. Bóyá ohun kan wà nínú ara mi tó ń sọ fún kókó yẹn pé kó jókòó, tó sì gbọ́ràn, ẹni tó sì ń wá bí a ó ṣe jí irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi látòkèdélẹ̀. Ó rọra dín eré mọ́tò kù. Ó wá bi mí bóyá ọmọ náà ṣì wà láàyè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ẹnu wà lára ohun tí dókítà gé kúrò. Mo ní rárá. Ó ní, “Kí la wá ń dúró ṣe?” Ó sì yí mọ́tò padà lójú títì.

Oníbéèrè ń kọ́ àwọn ọmọ bí awọ àlùbọ́sà ṣe rí lábẹ́ maikirosíkóòpù nígbà tí mo yọjú. Ó pariwo “Màmá,” ó sáré jáde, ó dì mọ́ mi. Ì bá sàn kó gbá mi létí. Mo kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, èmi àgbàlagbà, ó ń fà mí dìde, mo ní kó fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn tí mo fi ìdí tì, lébẹ́ẹ̀lì, ìpàdé, àpótí awọ eku. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo ń dúró de èébú, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?”

Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá òtútù àgbá náà kò fìgbà kan dín kù. Mo ní èmi fúnra mi ni mò ń rọ gáàsì olómi tó ń mú un tutù sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó bi mí bóyá mẹ́rin ni wọ́n ṣì jẹ́. Ó ń béèrè, ó ń béèrè, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Ó ní, “Inú ń bí mi sí yín gan-an o, Màmá, ẹ má rò pé ẹ̀rín yìí pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n n kò purọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni mo kàn lálàá rẹ̀.” Mo sunkún níbẹ̀ títí àwọn ọmọ kíláàsì fi gbé omi wá fún mi.

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá Ọ̀gá. Ó gbọ́ tèmi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, kò wọ̀ ọ́ padà. Ó ní òun náà ní tòun. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé yẹn ni òun ka ìgò inú àgbá, tí òun buwọ́ lù ú pé mẹ́rin ni. Nígbà tí mo ní ó ti tán, òun mọ̀ pé kò lè tán. Ṣùgbọ́n títán rẹ̀ bá ohun tí òun gbàgbọ́ mu, òun bá jẹ́ kó tán bẹ́ẹ̀. Oníbéèrè wò ó títí. Ó ní, “Ẹ dìde, sà, ẹ jẹ́ ká lọ yọ wọ́n.” Ọ̀gá sì dìde, ó ń tẹ̀ lé e.

Ìgò kìíní, a yọ́ ọ, kò jí. Ìkejì, kò jí. N kò ní í tàn yín, mo gbàdúrà sí ìgò kẹta yẹn bí ẹni pé ó létí. Lọ́jọ́ kejì a gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n ti na ẹsẹ̀. Oníbéèrè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta oògùn sí wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, jíìnì náà jí. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó jí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Láàbù àwọn ọ̀rẹ́ Ọ̀gá náà ṣe é, ó jí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ò rí i bí Ọ̀gá ṣe ń gbé ikùn jó, tí Oníbéèrè ń jó, tí ọkọ mi tí kò mọ ohun tí jíìnì ń jẹ náà ń jó lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì di oògùn fún ẹnikẹ́ni o, ọ̀nà ṣì jìn, ohun tó jí nínú ìgò lè má jí nínú èèyàn. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Kò ya. Ọ̀gá kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti sọ fún pé Oníbéèrè purọ́, ó sọ fún wọn ẹni tó purọ́ gan-an. Oníbéèrè ti padà sí tábìlì rẹ̀, oyè rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Ní tèmi, Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi, mo sì dá ìwé ẹ̀yẹ méjèèjì padà. Mo bẹ Oníbéèrè pé kó dárí jì mí. Ó ní òun kò tíì mọ̀, kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n kà á síwájú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun á máa rò ó lọ. Ìyẹn ni mo fi kọ ọ́. Mo ka ibi tó dé yìí sí wọn létí lọ́jọ́rú, mo sì fi èyí kún un: ẹ̀yin ọmọ mi, sẹ́ẹ̀lì á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kàn sọ pé ó kú. Ìtìjú ọjọ́ kan ni, ẹ ó sì tún jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí mo sá fún ti pé ọdún mẹ́jọ, àwọn aláìsàn kan sì wà tó yẹ kí iṣẹ́ yìí ti sún mọ́ díẹ̀ sí i, tí n kò mọ̀, tí n kò lè lọ kúnlẹ̀ fún. Àwọn ni mo ń bẹ̀ nínú ìwé yìí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìwé yìí máa parí sí. Ṣùgbọ́n lánàá, mo lọ kó aṣọ iṣẹ́ mi àti bàtà tí mo fi sílẹ̀. Oníbéèrè wà nínú yàrá sẹ́ẹ̀lì, ìgò mẹ́fà wà níwájú rẹ̀, gbogbo èyí tó ti ara ìgò kẹta yẹn jáde. Ìgò kan ṣoṣo ló kù nínú àgbá. Mo kí i láti ẹnu ọ̀nà, n kò wọlé. Ó wò mí, ó wo ìgò, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún wọn lóúnjẹ. Ebi ń pa mí.” Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń kọrin lábẹ́nu, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìjẹun, kò dúró, kò sì padà wá wo ohun tí mò ń ṣe. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fún wọn lóúnjẹ.